Àwọn Bíríkìlà Inú Páànù

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó jókòó síbẹ̀ kó máa pè mí. Mi ò mutí lọ́jọ́ náà, ara mi ò gbóná, oorun ò sì kùn mí. Ọ̀sán gangan ni, òòrùn wà láàárín orí. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i. Inú ṣì ń bí mi títí dòní, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọmọ ọmọ mi bá mi kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, kó má yọ nǹkan kan kúrò.

Mi ò kàwé, mi ò lè pe iye ọdún. Àmọ́ ọdún tó tẹ̀lé èyí tí wọ́n yí àwọ̀ owó padà ni, nígbà tí àwọn ṣọ́jà ń fi kòbókò kọ́ àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń tò sórí ìlà. Ẹni tó bá wà l'Ékòó nígbà yẹn á mọ̀ ọ́n.

Ọgbà ìṣeré kan ni mo ń gbá nígbà náà, ní Sùúrùlérè, kò jìnnà sí Ìpọ̀nrí. Wọ́n ní jáńgílófà, wọ́n ní ẹṣin onírin tó ń yí po, wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń gbé ọmọdé. Nígbà tó yá, wọ́n fi páànù gíga yí igun kan ká nínú ọgbà náà. Wọn ò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìró iṣẹ́ nìkan là ń gbọ́.

Ẹ gbà mí gbọ́, ohun tí ẹ bá fi pamọ́ fún ará Èkó, iṣẹ́ lẹ fún un ṣe.

Àwọn kan wà tí wọn kì í pa Sátidé kan jẹ nínú ọgbà náà. Mùtíù télọ̀ ni olórí wọn, géńdé tó ga bí ọ̀pá, Múṣín ló ti ń wá. Bísí náà wà níbẹ̀, tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì n'Ídìí-Àràbà, tó máa ń kó àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn. Wọn ò gun nǹkan kan mọ́. Ìdí páànù ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n á máa jiyàn.

"Àgbá ńlá tó ń yí ni," Mùtíù á ní. "Á gbé èèyàn lọ sókè títí táá fi máa rí Ọ̀sà."

"Irọ́ ni. Àgbá wo ló ń fẹ́ bíríkìlà? Odò ìwẹ̀ ni."

"Bísí, ìwọ tí o ò lè wẹ̀ nínú bàsíà?"

Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò Bísí ní ilé iwin ni, irú èyí tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba èèyàn nílùú òyìnbó. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo kórìíra ẹ̀rín yẹn títí dòní.

Wọ́n á wá ihò ìṣó lára páànù, wọ́n á yọjú. Tó bá fi máa di Sátidé mìíràn, ẹnìkan á ti fi kólútà dí ihò náà. Mùtíù ní òun ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọgbà látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ kan, òun ò rí bíríkìlà kan kó wọlé, òun ò rí ọ̀kan kó jáde.

Mo sọ fún ọ̀gá ọgbà pé àwọn èèyàn ń béèrè. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìyá, ẹni tó ń gbálẹ̀, ilẹ̀ ni kó máa wò."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ àná!

Obìnrin kan wà tó máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún ọkọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nínú páànù náà. Rìsíkátù lorúkọ rẹ̀, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ. Á gbé abọ́ fún ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ páànù, á wá jókòó tì mí kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè sinmi. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ tó mọ èèyàn kí ni.

"Àwọn ará ọkọ ẹ ńkọ́?" mo bi í lọ́jọ́ kan. "Ta ló máa bá ẹ wẹ ọmọ?"

"Ìyá mi, ó ní òun ò ní ará. Ó ní òun nìkan ló ṣẹ́ kù."

"Ọmọ ibo ni?"

"Tí mo bá ti bi í, á yí ọ̀rọ̀ padà. Kò jẹ́ ká ya fọ́tò pàápàá lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ilẹ̀ á ti ṣú kó tó wọlé, ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ táá fi jáde."

Mo pòṣé. "Ọkọ tí ò ní ará! Àbí ńṣe lo wú u nínú ilẹ̀ bí iṣu?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa sí mi, Ìyá mi. Ọmọ yìí ló ń dúró dè. Alaalẹ́ ló ń gbé etí lé ikùn mi."

Ẹ dúró níbẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àbúrò mi.

Ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, bíríkìlà ni. Àkànní loríkì rẹ̀. Ibà ló pa á nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti pé ọdún mẹ́ta nígbà tí mò ń wí yìí. Mo wà níbẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ funfun dì í. Mo wà níbẹ̀ tí wọ́n sin ín sí ẹ̀yìnkùlé bàbá wa. Ìyá wa sunkún títí, kò tó oṣù mẹ́ta tí òun náà fi tẹ̀lé e.

Àkànní ní àṣà kan. Tó bá ti to búlọ́ọ̀kù kan tán, á fi ìdí ṣíbí bíríkìlà rẹ̀ gbá a lẹ́ẹ̀mẹta: ko, ko, kò. Á wá tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èmi ni mo máa ń bú u nítorí itọ́ náà.

Sátidé kan báyìí, ọlọ́dẹ ti lọ kírun ọ̀sán. Ẹsẹ̀ Rìsíkátù ti wú débi pé ó fi bàtà sọ́wọ́. "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e wọlé fún un. Ẹni tó ní àpá iná lọ́rùn ni."

Ni Mùtíù àti Bísí bá fò dìde. "Ìyá, ẹ bá wa wò ó o! Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ lè ròyìn!"

Mo gba abọ́. Mo wọlé.

Kò sí àgbá níbẹ̀. Kò sí odò. Ògiri róbótó kan ni wọ́n ń mọ, ògiri mìíràn wà nínú rẹ̀, òmíràn tún wà nínú ìyẹn. Mi ò rí ibi tí ilẹ̀kùn máa wà. Ọkùnrin bí ogún ló ń ṣiṣẹ́, sìmẹ́ńtì bò wọ́n lójú. Òòrùn ń ta bí iná, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò làágùn. Ẹnikẹ́ni ò sì sọ̀rọ̀. Ogún bíríkìlà lójú kan, kò sí ẹ̀fẹ̀, kò sí èébú! Ta ló rí irú ẹ̀ rí?

Mo wá gbọ́ ọ. Ko, ko, kò. Ẹnìkan tutọ́.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Mo rí àpá iná tó wà lọ́rùn rẹ̀. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n, ṣé n ò ní mọ àpá náà ni?

Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Ẹni tó kú tí ọjọ́ rẹ̀ ò pé, ó lè lọ máa gbé níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, kó máa ṣiṣẹ́, kó fẹ́yàwó. Àkúdàáyà nìyẹn. Tí o bá rí i, o ò gbọdọ̀ pè é. O máa pa ẹnu mọ́, o máa bá ẹsẹ̀ ẹ sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá pè é, ọjọ́ náà ló tán fún un. Ìyá wa ló kọ́ wa. Mo mọ̀ ọ́n!

Àmọ́ inú bí mi. Ìbínú náà ju ẹ̀rù lọ. Ìyá wa sunkún kú nítorí rẹ̀, òun wá wà níbí, ó ń to búlọ́ọ̀kù, ó ń jẹ ẹ̀kọ àti ẹja díndín! Ó ní òun ò ní ará! Ṣé èmi kì í ṣe ará rẹ̀ ni?

"Àkànní!" Mo lọgun. "Àkànní, ọmọ ìyá mi!"

Ta ló máa gbọ́ oríkì rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ò ní yíjú? Ó yíjú. Kò bínú. Ó wò mí bí ọmọdé tí oúnjẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí mi," ó rọra wí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́, "ẹ ò wá jẹ́ kí n rí ojú ọmọ náà ná."

Ṣíbí rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Mo gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹni tó mú un dání ò sí níbẹ̀ mọ́.

Gbogbo àwọn yòókù ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Wọ́n kẹ̀yìn sí mi, wọ́n fọwọ́ bojú. Ọ̀kan nínú wọn tí orí rẹ̀ ti funfun sọ̀rọ̀ láì yíjú.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò wá. Ẹ má lọ tún dá ẹlòmíràn mọ̀."

Mi ò mọ bí mo ṣe jáde. Inú páànù ni mo gbé abọ́ náà sí.

"Ṣé ó gbà á, Ìyá mi?" Rìsíkátù bi mí.

"Ó gbà á."

"Ìyá, kí ni wọ́n ń kọ́?" Mùtíù ló ń béèrè, ojú rẹ̀ ń dán. Ìgbálẹ̀ ọwọ́ mi ni mo sọ lù ú.

Lọ́jọ́ kejì, Rìsíkátù gbé oúnjẹ wá, ó ní ọkọ òun ò wálé. Lọ́jọ́ kẹta ó tún gbé e wá. Ọ̀gá ọgbà jáde sí i, ó ní òun ò gba bíríkìlà kankan síṣẹ́. Mo bi í lójú gbogbo èèyàn pé ta ló wá ń fi kólútà dí ihò. Ó ní kí n kó ìgbálẹ̀ mi kí n máa lọ. Ó mọ̀! Mo ní ó mọ̀. Ibo ló ti rí wọn kó jọ, òṣìṣẹ́ tí ò lè ráhùn, tí ará rẹ̀ ò lè wá a wá? Ìkà èèyàn.

Nígbà tí mo fi padà síbẹ̀ ní Sátidé, wọ́n ti tú páànù. Ilẹ̀ lásán ló wà níbẹ̀, kò sí búlọ́ọ̀kù kan. Mùtíù àti Bísí tún ń jiyàn lórí ilẹ̀ lásán náà.

Rìsíkátù jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, abọ́ wà lórí itan rẹ̀. "Ìyá mi, kí ló sọ fún yín gan-an lọ́jọ́ náà?"

Kí ni kí n wí? Pé ọkọ ẹ ti kú kí o tó mọ̀ ọ́n? Pé ẹnu mi yìí ló lé e lọ? Mo ní, "Ó ní kí o tọ́jú ara ẹ."

Bàbá rẹ̀ wá mú un lọ. Mi ò mọ ìlú tó mú un lọ. Mo wá a títí, mi ò rí i. Ọmọ àbúrò mi wà níbìkan, ó ti tó bímọ báyìí, á sì máa rò pé ńṣe ni bàbá òun sá lọ. Èmi ló yẹ kí n wẹ ọmọ náà.

Ohun tí mo sọ fún àwọn ọmọ mi nígbà tí wọ́n dàgbà nìyí, kí ẹ̀yin náà gbọ́. Tí ẹ bá rí ẹni tí ẹ ti sin, ì báà jẹ́ lọ́jà, ì báà jẹ́ níbi iṣẹ́, ẹ gbé ìbínú yín mì. Ẹ kọjá lọ. Ẹ ò mọ ẹni tó ń retí rẹ̀ nílé.

Tó bá sì jẹ́ èmi lẹ rí, tí mò ń gbá ọgbà kan ní ìlú tí wọn ò ti mọ̀ mí, ẹ má pè mí. Ẹ jẹ́ kí n gbálẹ̀ mi tán.