Obìnrin Mẹ́ta Tí Dora Ń Wá

Bí ẹ bá fẹ́ bínú sí Nọ́ọ̀sì Dora, ẹ tètè bínú kó tó rẹ́rìn-ín, torí bó bá ti rẹ́rìn-ín, ìbínú yín ti parí. Ọmọ apẹja etíkun ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ nílé ìwòsàn kékeré àdúgbò wa ní Òde-Ayé débi pé ó ń jẹ púpurú ju àwa onílé lọ. Bí èrò bá dín lọ́sàn-án, á fa káàdì àwọn aláìsàn jáde, á máa kà wọ́n. Mo máa ń sọ pé àṣejù ni. Kí lèèyàn ń wá nínú àìsàn àná?

Epo pupa ni mò ń ṣe, ilé mi sì kọjú sí ẹbu tí a ti ń fọ epo. Lọ́dún tó kọjá, ó kàn ń rẹ̀ mí ṣáá. Lọ́dọ̀ wa, aláìsàn kì í dá lọ sílé ìwòsàn. Ẹni tó sìn ín lọ ló ń ṣe káàdì, aláìsàn á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á dákẹ́. Aládùúgbò mi ló kọ́kọ́ sìn mí lọ. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi kò tó, wọ́n fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀. Nígbà tó yá, mo ń rí ẹ̀jẹ̀ bí mo bá yàgbẹ́. Ìyàwó pásítọ̀ mú mi lọ, nọ́ọ̀sì mìíràn ló wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Èmi náà gbà. Ta ni kò ní jẹ̀díjẹ̀dí? Nígbà tí mo wá ń rù, àbúrò mi wá láti Iyansan, ó tún mú mi lọ. Wọ́n fún mi ní oògùn aràn. Nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n kò bá Dora lẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Dora wọ ẹbu, ó ń làágùn.

“Ẹ kú iṣẹ́, mà. Obìnrin mẹ́ta ni mò ń wá, ilé yín ló wà lórí káàdì wọn. Mo fẹ́ mọ irú omi tí wọ́n ń mu, torí àìsàn wọn jọra.”

“Ilé mi kẹ̀? Èmi àti ọkọ mi nìkan ló wà níbẹ̀ o.”

“Ìyá Yẹmí ńkọ́?”

“Èmi nìyẹn.”

“Susan Adéjọbí?”

“Èmi náà ni. Bí wọ́n ṣe ń pè mí ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn.”

“Aníwúrà?”

“Bàbá mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀.”

Gbogbo ẹbu bú sẹ́rìn-ín. Kálukú àwọn tó sìn mí lọ ti sọ orúkọ tó fi mọ̀ mí, wọ́n sì ti ṣe káàdì tuntun fún un. Dora náà rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe di ọwọ́ mi mú lójijì.

“Màmá, mo rò pé èèyàn mẹ́ta ló pín àìsàn yìí. Bó bá jẹ́ ara ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà, a kò lè pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí mọ́. Lọ́la, à ń lọ sí Òkìtìpupa.”

“Epo mi wà lórí iná.”

“Ẹ jẹ́ kó jóná.”

Inú bí mi! Ọmọ tí mo lè bí! Ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ ẹbu pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ló bá dẹ́rù bà mí.

Láti Òkìtìpupa, wọ́n ní ká lọ sí ọsibítù ńlá. Jẹjẹrẹ ni, inú ìfun ló wà. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Dókítà ní kò tíì ràn lọ síbòmíràn, pé ká dúpẹ́ pé a kò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n gé e kúrò.

Mo ti padà sẹ́nu epo mi, mo sì tún ti ń sanra. Ní báyìí, kò sí ẹni tí Dora máa ṣe káàdì fún láìbi í léèrè orúkọ ilé, orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì àti orúkọ ọmọ. Àwọn tó wà lórí ìlà ń kùn. Èmi ni mò ń bá wọn jà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé púpurú àti ọbẹ̀ marúgbó lọ fún un. Kò tiẹ̀ gbójú sókè kúrò lórí káàdì tó ń kà.

“Ẹ káàsán, mà. Àwọn obìnrin mẹ́ta yẹn ńkọ́?”

Mo ní, “Gbogbo wa wà láàyè.”