Aṣọ Ìyàwó Tó Bá Obì Lọ sí Kánò

Tọ́rọ́ ni wọ́n ń ta ìdì ewé kan ní Sábó nígbà tí mo wà ní kékeré. Kì í ṣe ewé ọbẹ̀ ni mò ń wí o. Ewé tútù fífẹ̀ tí a fi ń bo obì nínú apẹ̀rẹ̀ ni, kí ó má baà gbẹ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà wa lókè Ọya. Ẹni tó bá fi tọ́rọ́ ṣahun ní Ṣàgámù, poun ni yóò fi ṣòfò ní Kánò. Ẹ fi ewé yẹn sọ́kàn. Ọ̀rọ̀ aṣọ ìgbéyàwó ni mo fẹ́ bá yín sọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dá ọjọ́, tẹ́ ẹ wá ń fi òru àti ọ̀sán wo àwòrán aṣọ nínú fóònù.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló fa ọ̀rọ̀ náà. Ó wá bá mi ní ìsọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú. Aṣọ tó ní kí wọ́n bá òun rà wá láti ìlú òkèèrè kò tíì dé, ìgbéyàwó sì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọ̀dọ́kùnrin náà, mẹkáníìkì ni létí oríta Interchange, kàn dúró tì í bí ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ẹrù.

"Màmá, ayé mi ti bàjẹ́," ni ọmọ wí.

Mo ní kó rọra jókòó sórí àpò obì yẹn, kí obì má lọ bàjẹ́ mọ́ ayé. Mo wá sọ fún un ohun tí mò ń sọ fún yín yìí.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, tàbí mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí mò ń pè ní Àǹtí, fẹ́ lọ sílé ọkọ. Obì ni gbogbo ilé wa ń tà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò ta obì rí, ẹ ò mọ ohun tí omi obì ń ṣe fún aṣọ. Bó bá kán sí i, á pọ́n bí ìpẹtà, ọṣẹ kankan ò sì lè fọ̀ ọ́ kúrò. Kò sí aṣọ kan nílé wa tí kò ní àbàwọ́n obì, títí dé ti àlejò tó bá pẹ́ jù.

Ìyá ọkọ, ará àdúgbò Ibido ni wọ́n, ẹnu wọn mú. Ọjọ́ tí wọ́n wá kí wa, wọ́n wo etí ìró Àǹtí, wọ́n ní, "Ọmọ olóbì ò lè sọnù láéláé. Ẹ kàn máa tọ àbàwọ́n lẹ́yìn ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jẹ obì wa méjì, wọ́n mú ẹ̀kẹta dání, wọ́n lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn dun ìyá bàbá mi wọra. Ìyá Àgbà tí kì í ra iyọ̀ láìnájà, wọ́n lọ san poun mẹ́fà lórí ìró àrán kan, pupa rúsúrúsú, tó ń dán bí ara ológbò. Poun mẹ́fà, láyé tí ìdì ewé ń jẹ́ tọ́rọ́. Wọ́n ní, "Kí ìyá ọkọ wá wá àbàwọ́n lára eléyìí."

Ibi tí wọ́n máa fi aṣọ náà sí ló wá di wàhálà. Wọn ò gbẹ́kẹ̀ lé àpótí, torí gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ọ̀nà kan ṣoṣo sì ni Ìyá Àgbà mọ̀ tí wọ́n fi ń tọ́jú ohun tó níye lórí. Wọ́n fi rọ́bà wé e, wọ́n tẹ́ ewé sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé aṣọ lé e, wọ́n tún fi ewé bò ó, wọ́n rán ẹnu apẹ̀rẹ̀ pa, wọ́n so àkísà pupa mọ́ ọn kí àwọn má baà ṣì í mọ̀. Wọ́n gbé e sí yàrá wọn. Wọ́n gbàgbé pé oníbàárà wa tuntun ní Kánò, àkísà pupa náà la fi ń sàmì sí tiẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́rin, lọ́rì Kánò dé. Ìyá Àgbà ti lọ sóko obì. Alábàárù yọjú, ó ní, "Ọmọ, ti alákìísà pupa, ṣé ó tán?"

Mo ní, "Ó ku ọ̀kan ní yàrá."

Èmi yìí náà ni mo ṣílẹ̀kùn fún un. Mo tún sọ fún un pé kó rọra.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n tó mọ̀. Ìyá Àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọn ò lu mí, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Wọ́n ní, "Ọjọ́ Àìkú, obìnrin yẹn yóò jókòó sójú agbo, yóò máa wo etí aṣọ ọmọ mi." Lọ́rì ti kọjá Jẹ́bà nígbà yẹn. Kò sí owó poun mẹ́fà mìíràn.

Àǹtí ò sunkún. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, wọ́n ní àbàwọ́n obì wà létí aṣọ mi. Ẹ jẹ́ kí n wọ àbàwọ́n náà láti orí dé ẹsẹ̀, ká wo ibi tí wọ́n máa nawọ́ sí."

Ó kó gbogbo obì tí kòkòrò ti jẹ, tí a fẹ́ dà nù. A gún un, a dà á sínú omi gbígbóná. Ó ki aṣọ tẹ́ẹ́rù funfun ọ̀pá mẹ́jọ bọ̀ ọ́, ó sá a sóòrùn, ó tún kì í bọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ní Sátidé yẹn. Níbi tó ti ń sá a ni ọkọ rẹ̀ ti bá a. Wọ́n ti sọ fún un nílé pé aṣọ sọnù. Kò sọ pé kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú, kò sọ ohun tí ìyá òun máa wí. Ó bọ́ fìlà funfun orí rẹ̀, ó ní, "Bá mi ki tèmi náà bọ̀ ọ́."

Ẹ̀yin ọmọge tí mò ń bá wí, ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ wo ara ọkùnrin nìyẹn, kẹ́ ẹ tó wo bàtà rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí wọ́n so yìgì tán, tí Àǹtí jáde, gbogbo agbo yíjú sí i. Àwọ̀ náà jọ ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ó bá dúdú ara rẹ̀ mu bí ẹni pé wọ́n jọ bí wọn ni. Gèlè kan, ìró kan, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kan, ó parí. Ìyá ọkọ wo ìyàwó, wọ́n wo fìlà ọmọ wọn, wọ́n sún mọ́ Ìyá Àgbà.

"Níbo lẹ ti rí irú àwọ̀ yìí rà?"

Ìyá Àgbà ní, "Ẹ ti rí i rí. Létí ìró rẹ̀ ni."

Ìyá ọkọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Kí oṣù tó pé, wọ́n gbé tẹ́ẹ́rù tiwọn wá kí Àǹtí bá wọn rẹ ẹ́.

Ayé ti yí. Nígbà náà, aṣọ kan la máa ń ní, tó bá sọnù, ìdààmú dé. Lónìí, ẹ fẹ́ pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mẹrin kí ìrẹsì tó tutù, ìdààmú náà ló ṣì wà. Mi ò bá yín jà. Ẹ yan àwọ̀ tó bá ara yín mu, kẹ́ ẹ jọ yàn án, kí bàtà má fún yín lẹ́sẹ̀. Ìyókù, Ọlọ́run á ṣe é.

Ọmọ ọmọ mi ti nu ojú rẹ̀. Mẹkáníìkì yẹn wá lanu fún ìgbà àkọ́kọ́: "Màmá, obì tí kòkòrò jẹ, ṣé ẹ ní?" Mo wo ojú rẹ̀, mo mọ̀ pé ilé yẹn máa dúró. Àpò kan ni mo gbé fún wọn.

Àfi bí ọmọ ọmọ mi ṣe bi mí pé, "Màmá, àrán yẹn ńkọ́? Ẹ pàdánù poun mẹ́fà nìyẹn?"

Mo ní rárá o. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, awakọ̀ lọ́rì gbé owó dé. Oníbàárà wa ní Kánò rò pé a fi aṣọ náà ránṣẹ́ kí òun bá wa tà á ni, ó sì tà á fún ẹnìkan tó ń fi ọmọ fọ́kọ, ní poun mẹ́jọ. Ó yọ ṣílè méjì owó ọkọ̀. Ìyá Àgbà mú poun mẹ́fà wọn, wọ́n fún Àǹtí ní ìyókù kó fi ra tẹ́ẹ́rù tí yóò máa rẹ tà, èrè lórí aṣọ ìyàwó tí ìyàwó ò wọ̀: poun kan àti ṣílè méjìdínlógún.