Orin Tí Mo Fi Pa Ìyá Mi Láàyè

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lórí kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí mo ṣe. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o!

Àdúgbò Boukoki ní Niamey, olú ìlú Niger, ni wọ́n bí mi sí. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá mi, aṣọ ló ń tà ní ọjà Katako. Èmi ní tèmi, orin kọ́ńtìrì ló wọ̀ mí lórí, orin àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà tó ń dé akẹtẹ̀, tí wọ́n ń ta gìtá. Báwo ni ọmọ aláṣọ ṣe dédìí irú orin bẹ́ẹ̀? Èmi náà ò mọ̀! Mo ṣáà fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Mo wá kọ tèmi lédè Yorùbá. Ẹni tó bá mọ kọ́ńtìrì á mọ̀ pé orin ẹkún ni. Òjò á máa rọ̀, ìyàwó á ti kó ẹrù lọ, ẹnì kan á sì ti kú. Nínú orin àkọ́kọ́ inú kásẹ́ẹ̀tì náà, mo ké pé ìyá mi ti kú, ó fi èmi nìkan sílẹ̀ ní Niamey. Ìyá mi tó wà láàyè, tó ń jẹ, tó ń mu, tó ń bá oníbàárà jà! Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Orin ṣáà ni, àbí?

Nígbà yẹn, rédíò aládàáni ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ nílùú. Mo mú orin náà fún ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú wọn. Kò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ó ní ó dùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó gbé e sáfẹ́fẹ́, ó sì dárúkọ mi: Múfútàù, ọmọ Ìyá Aláṣọ ní Boukoki. Inú mi dùn dẹ́yìn!

Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi wọlé wẹrẹwẹrẹ. Alfa Sàláù, ará Ìlọrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ládùúgbò, ló ṣáájú. Àwọn oníṣòwò Katako tẹ̀ lé e, wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù. Aládùúgbò wa kan tó jẹ́ ẹ̀yà Zarma di ọwọ́ mi mú, ó ń sọ pé, "Kala suuru, kala suuru," pé kí n ní sùúrù. Alfa ní kí Ọlọ́run fi Alùjánà ta Màmá lọ́rẹ, ló bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà òkú.

Ibẹ̀ ni ìyá mi ti jáde láti ilé ìdáná, ó mú orógùn lọ́wọ́. "Ẹ káàbọ̀ o. Ta ló kú?"

Háà! Oníṣòwò kan sá jáde láìwọ bàtà. Alfa dá àdúrà dúró. Ó ní, "Àlájà, wọ́n ní ẹ̀yin ni."

Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé tán, ó kọjú sí mi. "Múfú, o pa mí láàyè, o tún fi rédíò kéde mi!"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní bí wọ́n ṣe ń kọ kọ́ńtìrì nìyẹn. Ó ní ṣé àwọn tó ń kọ ọ́ ò ní ìyá ni? Ó búra pé tí kásẹ́ẹ̀tì yẹn bá jáde bẹ́ẹ̀, òun ò ní ṣàdúrà sí i, òun ò sì ní yọjú síbi ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì tí ìyá ẹni kọ̀, kí lèèyàn fẹ́ fi ṣe? Ọkàn mi bàjẹ́ gan-an.

Alfa bá mi bẹ̀ ẹ́ títí ó fi rọlẹ̀. Màmá wá bi mí pé ṣé dandan ni kí nǹkan kú nínú orin yìí. Mo ní dandan ni.

"Ó dáa. Pa ẹṣin."

"Ẹṣin kẹ̀? Màmá, mi ò ní ẹṣin rí!"

"Ìyá tó kú ńkọ́, ṣé o ní ọ̀kan ni?"

Mo padà sí sítúdíò tí mo ti gba orin náà sílẹ̀ ní àdúgbò Banifandou, mo pa ẹṣin.

Lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, Màmá jókòó níwájú. Nígbà tí mo kọrin dé ibi tí ẹṣin ti ṣubú lẹ́bàá odò, mo rí i tó ń fi etí ìbòrí nu ojú. Ó ń sunkún! Bí mo ṣe parí, ó fà mí mọ́ra.

"Múfú, kí ló pa á gan-an?"

Mo ní ibà ni. Ó mi orí, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà gígùn fún mi lójú gbogbo èèyàn. Èmi náà bú sẹ́kún, kì í sì í ṣe nítorí ẹṣin.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọrin, ẹ jẹ́ kí ará ilé gbọ́ ọ kí ará ìta tó gbọ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti fẹnu pa rí láìmọ̀? Ẹ kọ ọ́ síbí, ẹ má jẹ́ kójú ti èmi nìkan!