Ológbò Tí Ìyàwó Télọ̀ Fi Sílẹ̀

Ẹni jẹ́jẹ́ ni télọ̀ yìí. Nígbà tí àìsàn wọ ìyàwó rẹ̀ lára, tí obìnrin náà mọ̀ pé òun ò ní í pẹ́ lọ, ológbò dúdú kan ló fà lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀."

"Mo gbọ́," ni ọkọ wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ajá ló fẹ́ràn, tó sì ń sin ọ̀kan nílé.

Nígbà tí obìnrin náà kú, ó tọ́jú ológbò náà bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Inú àpò oúnjẹ ajá ló ti ń bu fún àwọn méjèèjì. Ṣebí ajá ń jẹran, ológbò náà ń jẹran. Kí ló tún kù? Títí di àárọ̀ ọjọ́ tí ológbò fi orí gbá ẹsẹ̀ tábìlì. Télọ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ológbò tún lọ kọlu ògiri, ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Dókítà ẹranko tó gbé e lọ bá tan iná sí ojú ológbò, ó gbọ́ àyà rẹ̀, ó wá gbé àpò oúnjẹ méjì kalẹ̀.

"Bàbá, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn àpò ti ajá yìí. Àgbàdo ló ṣíwájú, ẹran tẹ̀ lé e. Ti ológbò rèé, ẹran ló ṣíwájú, wọ́n sì fi èròjà kan sí i tó ń jẹ́ tọ́ríìnì. Ara ajá máa ń ṣe é fúnra rẹ̀. Ológbò ní láti jẹ ẹ́ ni. Bí kò bá rí i jẹ, ojú á lọ, ọkàn á máa rẹ̀ ẹ́."

"Tí mo bá ra èyí lónìí, ṣé ojú á là?"

"Rárá, Bàbá. Ọkàn nìkan la ṣì lè gbà là."

Télọ̀ wá ibi jókòó. "Ó máa ń yó," ló ń wí ṣáá. "Ó máa ń yó, Dókítà."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá bá a nílé. "Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n máa mú un lọ."

"Èmi ni ìyá rẹ fà á lé lọ́wọ́."

Láti ìgbà náà, bí télọ̀ bá dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ẹranko, á wọ awò ojú, á yí àpò sẹ́yìn, á máa ka lẹ́tà wínníwínní. Wọ́n ya ẹja ràgàjì síwájú ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìrẹsì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó dá a padà.

"Bàbá, àbí ẹ̀yin lẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni?" ni ọmọbìnrin tó ń tajà fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Kò rẹ́rìn-ín.

Kí ọdún tó parí, dókítà tún gbọ́ àyà ológbò, ó ní ọkàn ti ń lù dáadáa. Télọ̀ dúpẹ́. Ó gbé ológbò náà mọ́ àyà, ó sì rìn lọ sílé.