Phronesis àti Sùtánà Bọ́lá

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé, ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, òórùn sítóòfù kẹrosíìnì àti ti àkàrà ló máa ń jí wa láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí òtútù ìgbà náà: tìbọ̀sẹ̀-tìbọ̀sẹ̀ la fi ń sùn.

Lọ́sẹ̀ kan, tíṣà wa kọ ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan sójú pátákó: phronesis. Ó ní àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ibẹ̀ láyé àtijọ́ ló ń lò ó fún ọgbọ́n tó ń jẹ́ kéèyàn mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, lásìkò tó yẹ, fún ẹni tọ́rọ̀ kàn. Èèyàn lè mọ gbogbo òfin, kó má ní in. Ó ní ká lọ wá àpẹẹrẹ wá láti ilé. Mo wá a tì.

Àfi bí yìnyín ṣe bolẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìkórè àwọn ọmọdé ni ní ìjọ aláṣọ funfun wa, Bọ́lá àbúrò mi ló sì máa dá orin kọ. Orí ibùsùn àìsàn ló ti kọ́ orin náà. Òtútù àyà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi í sílẹ̀ ni. Àwa kì í sì í wọ bàtà sí sùtánà. Láti ilé la ti ń rìn lẹ́sẹ̀ lásán.

"Kó bọ́ bàtà, tàbí kó jókòó sílé," Bàbá mi wí. "Òfin ni."

Omijé Bọ́lá ń kán sínú ògì.

Mọ́mì ò jiyàn. Wọ́n jẹ́ kí Bàbá jẹ àkàrà tán, kí wọ́n tó fi orúkọ èmi àkọ́bí pè wọ́n.

"Bàbá Dúpẹ́, ẹ dákun, sùtánà ni wọn ò gbọdọ̀ wọ bàtà sí, àbí kóòtù?"

"Ta ló ń wọ kóòtù?"

"Ọmọ yín ni. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ló ti máa wọ sùtánà."

Bàbá ní, "Obìnrin yìí, lọ́yà ló yẹ kó o ṣe!" Ẹ̀rín pa wọ́n. Bàbá fúnra wọn ló gbé báàgì sùtánà náà, lẹ́sẹ̀ lásán nínú yìnyín, Bọ́lá ń fi bàtà òjò tẹ̀lé wọn.

Ohùn Bọ́lá há díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ó kọ orin náà parí. Lọ́jọ́ Ajé, mo nawọ́ sókè kí tíṣà tó béèrè.

Nígbà yẹn, ẹnu tíṣà la ti ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Lónìí, fóònù á ti túmọ̀ rẹ̀ fáwọn ọmọ-ọmọ mi kí n tó pè é tán. Ìlò rẹ̀ ló kù, ọkàn mi sì balẹ̀ lórí ìyẹn. Mo ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé kẹ́nikẹ́ni má fà mí lọ́wọ́ lójú pópó bí arúgbó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, orúnkún ń dùn mí, èmi àti ọmọ-ọmọ mi obìnrin fẹ́ sọdá títì.

"Grandma, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dì mí mú, ilẹ̀ yìí ń yọ̀ mí."

Mo wo ilẹ̀. Ó gbẹ táútáú. Mo na ọwọ́ sí i.