Koríko Tí Mo Tẹ̀ Mọ́lẹ̀ ní Àbàtà Ìkẹ́rẹ́

Sátidé kan ní 1957, nígbà tí mo gba ìsinmi wálé sí Ìkẹ́rẹ́ láti yunifásítì, ni ọjọ́ tí ẹ̀rù rẹ̀ kò tíì kúrò lára mi.

Olùkọ́ wa ti kọ ọ́ sínú ìwé pé koríko onígun mẹ́ta tí àwọn ìyá wa fi ń hun ẹní ti tán pátápátá. Olùkọ́ náà kò dé Ìkẹ́rẹ́ rí, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ẹ̀ṣẹ̀ kìíní nìyẹn.

Ìyá bàbá mi mú èmi àti Olú àbúrò mi lọ sí àbàtà tí ó ti ń gé koríko náà nígbà ọmọge rẹ̀. A rí ìdí rẹ̀ kan ṣoṣo láàárín omi. Mo so okùn mọ́ ìbàdí kí n lè lọ wò ó, mo fi orí kejì okùn náà lé Olú lọ́wọ́.

“Bọ̀dá, mi ò ní jù ú sílẹ̀.”

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan koríko náà ni ẹrẹ̀ gbé mi mì dé àyà. Nǹkan kan mi omi. Olú kígbe pé, “Ọ̀nì!” ó ju okùn sílẹ̀, ó sá lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ kejì nìyẹn, n kò sì tíì dárí rẹ̀ jì í. Bí mo ṣe ń jà ni mo ń rì, títí ẹrẹ̀ fi kan àgbọ̀n mi.

“Yé jà! Tẹ koríko yẹn, kí o dùbúlẹ̀ lé e!” ni ìyá àgbà ń pariwo.

“Òun nìkan ló kù, Ìyá!”

“Ṣé òun ni mo bí ni, àbí bàbá rẹ?”

Mo tẹ̀ ẹ́, mo nà lé e gbalaja, mo sì wọ́ jáde. Gbòǹgbò rẹ̀ ti tú, ó léfòó lórí omi. Ó ṣeé dá padà sínú ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò jẹ́ kí n padà lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ kẹta nìyẹn, èmi ni mo sì ṣẹ̀ ẹ́.