Ẹja Sámọ́nù àti Ọwọ́ Abẹ́ Omi

Lọ́dọọdún, bí ìjọ Aládùúrà tí Morákinyọ̀ ń lọ ní Barking nílùú òyìnbó bá kó ara wọn lọ sí etí òkun fún àdúrà, òun ló máa ń ṣọ́ báàgì. Àwọn yòókù á ká sùtánà sókè, wọn á wọ inú omi dé orúnkún, wọn á máa kọrin. Òun á jókòó sórí iyanrìn láàárín báàgì àti kẹ́ẹ̀gì omi. Àwọn ará ìjọ rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀, Olúfúnkẹ́, nìkan ló mọ̀ pé ẹ̀rù ni.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Morákinyọ̀, etí ọ̀sà ni wọ́n bí i sí. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ọkọ̀ ojú omi dojú dé mọ́ òun àti àbúrò rẹ̀, Kúnmi. Ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ìgbì já ọmọ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò rí òkú rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí omi odò tàbí ti òkun bá ti kan Morákinyọ̀ lẹ́sẹ̀, ọwọ́ kékeré kan á dì í mú ní ọrùn ẹsẹ̀. Ó máa ń mọ ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí kò mọ̀ ni ohun tí ọwọ́ náà ń fẹ́. Ṣé ó fẹ́ fà á wọlé ni, àbí ó fẹ́ kó fa òun jáde? Kò dúró rí láti mọ̀. Gbogbo ìgbà ló máa ń sá.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì nídìí bọ́ọ̀sì tó ń wà láti Thames View lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Barking, ó sọ fún Olúfúnkẹ́ pé òun kò fẹ́ kú láìmọ ohun tí ọmọ náà ń fẹ́. Olúfúnkẹ́ ní kó lọ bá wòlíì. Dávídì ló lọ bá.

Dírẹ́bà bíi tirẹ̀ ni Dávídì, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé nínú àwọn fúláàtì tuntun ní Barking Riverside. Ọdọọdún ló ń lọ sí Wélsì láti fi ìwọ̀ mú ẹja sámọ́nù. Bó bá mú un, á ya fọ́tò rẹ̀, á sì dá a padà sómi, torí òfin kò gbà kí wọ́n gbé e lọ sílé. Àwọn ará gáréèjì máa ń bi í léèrè bóyá fọ́tò ló fi ń se ọbẹ̀. Morákinyọ̀ ní òun náà fẹ́ kọ́ ọ. Kò sọ ìdí.

Nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ìpẹja, Dávídì gbé ọ̀pá ìpẹja kan lé e lọ́wọ́.

"Fíìtì mẹ́tàlá, ẹ̀gbọ́n. Èyí ló dáa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ọwọ́ méjèèjì lẹ máa fi dì í mú. Kò wúwo, ó sì máa ń forí ji ẹni tó bá ṣì í jù."

Morákinyọ̀ nawọ́ sí èyí tó gùn jù lọ lára ògiri. "Èyí ńkọ́?"

"Fíìtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ṣé ọsàn lẹ fẹ́ fi ká ni?"

"Ó wù mí."

"Apá yín á sọ fún yín. Ó dáa, ẹ wọ ṣòkòtò rọ́bà yìí wò, ó máa ń dé àyà."

"Ti kí ni?"

"Ti kí ni kẹ̀? Ṣebí inú odò la máa dúró sí."

"Ìwọ lo máa dúró síbẹ̀. Etí odò tó mi."

Dávídì bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí omi ń bà lẹ́rù! Ẹ má jẹ́ kí àwọn ará ilé yín gbọ́ o."

Morákinyọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀pá gígùn náà ló rà. Lọ́kàn rẹ̀, bí ọ̀pá bá ṣe gùn tó ni omi á ṣe jìnnà sí òun tó. Torí omi ló ṣe wá, ó sì tún ń sá fún un. Dávídì wò ó títí, ó ní òun ní ṣòkòtò rọ́bà míì nílé, òun á mú un dání.

Òjò winniwinni ń rọ̀ nígbà tí wọ́n dé odò ní Wélsì. Dávídì wọ omi dé itan, ó ń kọ́ ọ láti ibẹ̀.

"Ẹ jù ú sọdá, kó bọ́ sápá ìsàlẹ̀, níbi tí omi ń ṣàn lọ. Ẹ jẹ́ kí omi fúnra rẹ̀ gbé ìwọ̀ yípo wá sétí. Lẹ́yìn náà kí ẹ sún ẹsẹ̀ kan sísàlẹ̀, kí ẹ tún jù ú. Sámọ́nù kì í wá èèyàn wá. Ẹ̀yin lẹ máa lọ bá a."

Ṣùgbọ́n igi kún etí odò. Bí Morákinyọ̀ bá ti ju ọ̀pá sẹ́yìn, ìwọ̀ á há sórí ẹ̀ka. Dávídì á jáde, á tú u. Kò ní pẹ́, á tún há. Apá bẹ̀rẹ̀ sí í ro Morákinyọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, igi lẹ ń pa látàárọ̀. Ẹ gba ọ̀pá tèmi, kí ẹ wọlé."

Morákinyọ̀ bá jókòó sórí òkúta, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ẹ̀rín kúrò lójú Dávídì.

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Kúnmi."

Dávídì gbé ṣòkòtò rọ́bà síwájú rẹ̀. Nígbà tó wọ̀ ọ́ tán, Dávídì bá a so bẹ́líìtì mọ́ àyà dáadáa kí omi má bàa kún inú rẹ̀. "Mi ò lè sọ fún yín pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀," ló wí. "Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ yín ni mo máa dúró sí. Bí ohunkóhun bá gbé yín, ọ̀dọ̀ mi ló máa gbé yín wá."

Omi dé orúnkún rẹ̀, ọwọ́ náà sì dé. Rọ́bà kò dí i lọ́wọ́. Ìka tútù, wọ́n kéré, wọ́n yí ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún ká. Morákinyọ̀ pa ojú dé, ó dúró. Ọwọ́ náà kò fà á. Ó kàn dì í mú bí ọmọdé ṣe ń di aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú láàárín èrò.

Ó ju okùn. Omi gbé e yípo. Ó sún ẹsẹ̀ kan, ọwọ́ náà bá a sún. Ó tún jù ú, ó tún sún.

"Òkúta wà níbí o," ó wí jẹ́jẹ́. "Rọra."

Dávídì náà sún ẹsẹ̀ kan sísàlẹ̀.

Lójijì okùn wúwo. Ní Ẹ̀pẹ́, bí ẹja bá ti tọ́ ìwọ̀ wò báyìí, kíá lèèyàn á fà á. Ìka Morákinyọ̀ há mọ́ okùn.

"Ẹ má fà á!" Dávídì pariwo. "Ẹ jẹ́ kó gbé e yípadà! Ẹ tú ìka yín!"

Ìka náà kò fẹ́ tú. Ó wò wọ́n bíi pé ti ẹlòmíì ni. Ó wá ṣí wọn. Okùn sáré kọjá láàárín wọn, ẹja yípadà pẹ̀lú ìwọ̀ lẹ́nu, ọ̀pá sì tẹ̀.

"Ó ti mú un! Ẹ gbé ọ̀pá sókè, ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e sókè!"

Ẹja ńlá fò jáde lójú omi, ó funfun bíi fàdákà, ó tún wọlé pẹ̀lú ariwo. Morákinyọ̀ kò wò ó. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣófo, ọwọ́ kékeré náà ti tú u sílẹ̀. Ó ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wá kiri láàárín òkúta lábẹ́ omi, ó ń pe orúkọ àbúrò rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń ròkè sí i.